Ilẹ̀ tutù, tòmátì ń rọ: bí ẹ ó ṣe mọ ibi tí omi ti há

Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí: "Mo ń bomi rin tòmátì mi láàárọ̀, mo tún ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́, kí ló dé tí ewé rẹ̀ ṣì ń rọ?" Àwọn kan ń béèrè nípa ata rodo, àwọn mìíràn nípa ìgbá tàbí ewúro inú àpò tí wọ́n gbé sí bálíkónì. Èsì mi kò yí padà: ẹ má tíì gbé omi. Ewé tó rọ ń sọ pé omi kò dé òkè. Kò sọ pé omi kò sí nílẹ̀. Omi lè há sí gbòǹgbò, ó lè há sínú igi, ó sì lè jẹ́ pé èyí tó ń bá atẹ́gùn lọ láti ara ewé ló pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ. Tí ẹ bá da omi sí i láìmọ èwo ni, ẹ lè fi ọwọ́ ara yín pa á.

Ọ̀nà tí omi ń gbà, ní ṣókí

Kì í ṣe gbogbo ara gbòǹgbò ló ń mu omi. Ẹ̀gbẹ́ ṣóńṣó rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Níbẹ̀ ni irun wẹ́wẹ́ hù sí, irun tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, òun ló ń wọ àárín yanrìn lọ wá omi. Irun yìí kì í pẹ́ láyé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ó ti kú, òmíràn á sì hù níwájú. Ìdí nìyí tí gbòǹgbò tí kò bá dàgbà mọ́ kì í fi pẹ́ tí omi á fi wọ́n ọn.

Oje inú gbòǹgbò ki ju omi inú ilẹ̀ lọ, ohun tó ń mú kí omi wọlé nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí bí ẹ bá ṣe ohun tó mú kí omi ilẹ̀ ki ju ti inú gbòǹgbò lọ, ọ̀nà tí omi gbà wọlé náà ló máa gbà jáde.

Láti gbòǹgbò, omi á bọ́ sínú iṣan tó gba inú igi kọjá títí dé orí ewé. Àwọn ìlà tí ẹ ń rí lẹ́yìn ewé, òpin iṣan wọ̀nyẹn ni. Lọ́sàn-án, òkè ni wọ́n ti ń fa omi yìí: bí omi ṣe ń gbẹ kúrò lára ewé ló ń fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, bí ẹni fi sítírọ́ọ̀ fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lábẹ́ ewé ni ihò tíntìntín tí omi ń gbà jáde pọ̀ sí jù. Ewé gbọ́dọ̀ ṣí ihò yìí kí atẹ́gùn tó fi ń ṣe oúnjẹ lè wọlé, bó bá sì ti ṣí i, omi á máa jáde. Nínú 100 lítà omi tí tòmátì bá fà, ó ju 95 lọ tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí omi bá wọ́n, ewé á pa ihò rẹ̀ dé. Kò ní tètè kú, ṣùgbọ́n kò ní ṣe oúnjẹ, kò sì ní dàgbà. (Ọ̀pẹ̀yìnbó àti àbámodá gbọ́n ju èyí lọ: òru ni wọ́n ń ṣí ihò tiwọn, nígbà tí oòrùn ti wọ̀. Ẹ lè gbàgbé wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ ò lè gbàgbé tòmátì.)

Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ṣe méjì yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ:

1. Ẹ fi ọ̀rá funfun tó mọ́ bo ẹ̀ka kan tó léwé láàárọ̀, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka náà dáadáa. Kí ó tó di ọ̀sán, omi á ti lé sínú ọ̀rá. Ẹ tú u kúrò kí oòrùn tó mú gidi, kí ewé má bàa jóná sínú rẹ̀.
2. Ẹ gé gbúre tó tutù, ẹ fi í sínú ife omi tí ẹ ti po àwọ̀ pupa tí a fi ń kun oúnjẹ mọ́. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹ gé igi rẹ̀ ní ìbú. Ẹ ó rí i pé kì í ṣe gbogbo inú rẹ̀ ló pọ́n. Àmì pupa kéékèèké ló tò yípo. Iṣan omi nìyẹn.

Àyẹ̀wò, kí ẹ tó gbé omi

Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, ọ̀pọ̀ yín kò sì ní dé ìgbésẹ̀ karùn-ún.

1. Ẹ wo aago. Bí ewé bá rọ láàárín aago 1 sí 3 ọ̀sán, tó sì nà padà fúnra rẹ̀ nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, kò sí àìsàn. Ohun tó ń jáde ló ju ohun tó ń wọlé lọ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá jẹ́ aago 7 àárọ̀ ló ṣì rọ, ọ̀ràn wà nílẹ̀ nìyẹn.

2. Ẹ wo etí ewé ní kùtùkùtù. Nígbà mìíràn ẹ ó rí ẹ̀kán omi tó tò sí ẹnu eyín ewé tòmátì, tàbí kí omi máa kán ní ṣóńṣó ewé kókò. Ìrì kọ́ o. Ìrì máa ń bo gbogbo ojú ewé. Èyí kì í kúrò létí. Gbòǹgbò ló ti omi jáde lóru nígbà tí ilẹ̀ kún. Bí ẹ bá rí i, ẹ má bomi rin ní àárọ̀ yẹn. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn gbẹ débi pé ẹ lè má rí i rárá, nítorí náà àìsí rẹ̀ kò fi ohunkóhun hàn.

3. Ẹ ki ìka bọlẹ̀, kí ẹ tún walẹ̀. Ìka nìkan kò tó, ibi tí ìka dé ni omi àná dúró sí. Ẹ fi àdá tàbí ṣíbí ńlá wa ẹ̀gbẹ́ kan tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ bu erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ fún un. Bó bá di ìṣù tí kò sì kán omi, ó dára. Bó bá tú ká bí ìyẹ̀fun, ilẹ̀ gbẹ. Bí omi bá ń ṣẹ́ jáde láàárín ìka yín, omi ti pọ̀ jù.

4. Ẹ hú ọ̀kan. Ẹ mú èyí tó burú jù, kí ẹ fi ọkọ́ gbé e jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ má fà á tu. Ẹ fi omi ṣàn án díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wo gbòǹgbò:
   - funfun tàbí àwọ̀ ìpara, tó le: ara rẹ̀ dá
   - pọ́nrúsúrúsú, tó ń rùn, tí èèpo rẹ̀ ń bọ́ bí ẹ bá fi ìka fà á: ó ti rà nínú omi
   - kókó kéékèèké tó wú lára gbòǹgbò fúnra rẹ̀: aràn inú ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní nẹ́mátóòdù

   Ẹ má ṣi èyí mú fún kókó tó wà ní ìdí ẹ̀pà àti ẹ̀wà. Ti ẹ̀wà rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, ó ń ṣí kúrò bí ẹ bá fi èékánná tì í, ó sì ń ṣe ilẹ̀ lóore. Ti nẹ́mátóòdù kì í ṣí. Gbòǹgbò gan-an ló wú.

5. Ẹ gé igi, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi. Èyí wà fún tòmátì, ata tàbí ìgbá tó rọ lójijì tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ẹ gé igi rẹ̀ tó gùn tó ìka láti ibi tó sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ bu omi tó mọ́ sínú ife dígí, kí ẹ mú igi yẹn dání kí ojú ibi tí ẹ gé wà nínú omi díẹ̀, láìmì í. Ẹ gbé ohun dúdú sẹ́yìn ife. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, bí ẹ bá rí òwú funfun bíi wàrà tó ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ láti ojú igi, bakitéríà ló ti dí iṣan omi. Orúkọ rẹ̀ ni *Ralstonia solanacearum*.

Bí omi ife kò bá yí padà, tí inú igi sì ti pọ́n bí omi tíì, tí ewé rẹ̀ ti kọ́kọ́ pọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan kó tó rọ, olú tíntìntín kan tó ń fa àìsàn, tó ń jẹ́ Fusarium, ni. Òun náà ń dí iṣan, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ́ra ju bakitéríà lọ.

Ohun tí ẹ ó ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan

*Bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ gbẹ nísàlẹ̀.* Èyí ló pọ̀ jù, ó sì máa ń ya àwọn tó ń bomi rin lójoojúmọ́ lẹ́nu. Omi tí ẹ ń wọ́n kò ju ojú ilẹ̀ lọ. Gbòǹgbò á wá máa rìn lókè níbi tí omi wà, oòrùn ọ̀sán á sì jó o níbẹ̀. Ẹ lọ sí abala ìbomirin nísàlẹ̀.

*Bí omi bá ti pọ̀ jù.* Gbòǹgbò ń mí. Àwọn àlàfo inú ilẹ̀ ni atẹ́gùn wà. Bí omi bá kún ibẹ̀, gbòǹgbò kò rí atẹ́gùn, agbára àtifa omi á tán, ewé á sì rọ nínú omi. Ojú ẹni tó bá rí i á sọ pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á sì tún bu omi sí i. Ẹ dáwọ́ omi dúró. Ẹ la poro sí ẹ̀gbẹ́ ebè kí omi rí ọ̀nà jáde. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó fún ọjọ́ mélòó kan kí ewé má bàa béèrè ju ohun tí gbòǹgbò lè fún un. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i ní àkókò yìí.

*Bí ajílẹ̀ bá ti jó o.* Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín: kí ni mo fi sí ìdí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn? Yúríà, NPK 15-15-15, ìgbẹ́ adìyẹ tí kò tíì jẹrà, gbogbo wọn ń ṣe bí iyọ̀ bí wọ́n bá yọ́ sínú omi ilẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ ní ìdí, omi ilẹ̀ á ki ju oje gbòǹgbò lọ, á sì fa omi kúrò lára igi. Etí ewé á jó di àwọ̀ ilẹ̀, ewé á sì rọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ tutù. Ẹ bu iyọ̀ sórí gbúre tí ẹ ti rẹ́, kí ẹ wo bí omi rẹ̀ ṣe ń jáde. Bákan náà ni.

1. Ẹ kó ajílẹ̀ tó bá ṣì wà lójú ilẹ̀ kúrò.
2. Ẹ da omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, kó ṣàn wọ ìsàlẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò wà. Inú ilẹ̀ tí omi ń gbà kọjá nìkan ni kí ẹ ti ṣe èyí.
3. Lọ́jọ́ iwájú, ẹ fi ajílẹ̀ sí òrùka yípo igi, tó jìnnà sí i tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí ẹ sì bo ó mọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ gbọ́dọ̀ ti jẹrà tó fi jẹ́ pé kò gbóná mọ́, kò sì rùn fíífíí mọ́.

*Bó bá jẹ́ bakitéríà.* Mo fẹ́ sọ èyí láìfi bò: kò sí oògùn tí ẹ ó fín tí á wo èyí tó ti rọ sàn. Ẹni tó bá fi ìgò oògùn hàn yín lọ́jà pé òun ní in, ẹ tọ́jú owó yín. Iṣẹ́ tó kù ni kí ó má ràn.

1. Ẹ hú u tòun ti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ kó o sínú ọ̀rá tàbí àpò kí ẹ tó gbé e kọjá láàárín àwọn yòókù.
2. Ẹ sun ún. Ẹ má jù ú sí poro, ẹ má dà á sórí ààtàn tí ẹ ti ń kó ajílẹ̀.
3. Ẹ má jẹ́ kí omi ṣàn láti ibẹ̀ lọ sí ìdí èyí tó kù. Omi ló ń gbé e rìn.
4. Ẹ fọ ọkọ́, àdá àti bàtà. Lẹ́yìn náà, ẹ rì wọ́n sínú omi bílíìṣì: ife bílíìṣì kan sí ife omi mẹ́sàn-án. Ẹ má po bílíìṣì mọ́ oògùn mìíràn tí a fi ń fọ nǹkan, èéfín rẹ̀ léwu.
5. Ẹ má gbin tòmátì, ata, ìgbá tàbí tábà síbẹ̀ mọ́ fún ọdún mélòó kan. Ẹ gbin àgbàdo.

Bí ẹ kò bá ní ilẹ̀ mìíràn, ẹ gbìn ín sínú àpò pẹ̀lú erùpẹ̀ tí ẹ gbé wá láti ibòmíràn, kí àpò má fara kan ilẹ̀ yẹn. Ní Taiwan àti Vietnam, wọ́n máa ń lẹ orí tòmátì mọ́ ìdí ìgbá, nítorí pé gbòǹgbò àwọn ìgbá kan ń fara da bakitéríà yìí ju ti tòmátì lọ. Ẹni tó bá lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́ lè gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó bá wà nítòsí Ìbàdàn, ẹ yà sí NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba nípa ẹ̀fọ́ àti èso, ní Ìdí-Ìṣin, Jericho, kí ẹ béèrè irú tòmátì tó le lára níwájú àìsàn yìí.

*Bó bá jẹ́ nẹ́mátóòdù.* Igi tó ti kó o lè ṣì so díẹ̀ bí ẹ bá ń bomi rin ín déédéé, tí ẹ sì ń fi ajílẹ̀ tó jẹrà tọ́jú rẹ̀. Ẹ má tètè hú u. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ kó gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ jáde, ẹ sun wọ́n. Ilá, ewédú àti ṣọkọ fẹ́ràn aràn yìí gan-an, ẹ má fi wọ́n tẹ̀ lé tòmátì níbẹ̀. Ẹ̀pà kì í sábà gbà á láyè.

Bí a ṣe ń bomi rin kó lè dé gbòǹgbò

Ìṣirò kan wà tó rọrùn: 1 lítà omi lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan ní gígùn àti mítà kan ní ìbú jẹ́ mìlímítà 1. FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, sọ pé tòmátì tó lo 90 sí 120 ọjọ́ nínú oko nílò mìlímítà 400 sí 600 lápapọ̀. Ẹ pín in, ẹ ó rí i pé ó tó mìlímítà 4 sí 5 lójúmọ́, ó kéré nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì pọ̀ nígbà tó bá ń so. Nítorí náà, bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà 1 tó sì gùn ní mítà 5 ń béèrè nǹkan bíi 25 lítà lójúmọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kẹ́ẹ̀gì yẹ́lò kan nìyẹn.

1. Kùtùkùtù ni kí ẹ bomi rin, kí ihò ewé tó ṣí tán. Bí ẹ kò bá ráyè àfi ìrọ̀lẹ́, ó dára, ṣùgbọ́n ìdí nìkan ni kí ẹ da omi sí. Ewé tó sùn nínú omi ń pe olú.
2. Ẹ da ìlàjì omi náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó da èyí tó kù. Omi àkọ́kọ́ ló ń la ọ̀nà fún ti ẹ̀yìn.
3. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ walẹ̀ níbì kan. Bí omi kò bá tíì dé 20 sẹ̀ǹtímítà, omi yẹn kéré, ohun yòówù kí ojú ilẹ̀ máa sọ.
4. Bí ilẹ̀ yín bá jẹ́ yanrìn, ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́, nítorí yanrìn kì í di omi mú. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ amọ̀, ẹ fún un ní 10 lítà lórí mítà kan ní gígùn àti ní ìbú kí ẹ tó fi ọjọ́ kan sí méjì sílẹ̀.

Tí ẹ kò bá lè wà nílé lójoojúmọ́: ẹ rì ìkòkò amọ̀ tí wọn kò fi ọ̀dà kùn, irú èyí tí wọ́n ń mọ ní Ìlọrin, mọ́lẹ̀ dé ọrùn láàárín igi mẹ́rin, ẹ pọn omi kún un, ẹ sì dé e kí ẹ̀fọn má bàa yé sínú rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń gbẹ ló ń fa omi láti ara ìkòkò. Bí owó ìkòkò bá wọ́n, ẹ lo ike omi tó ti ṣófo: ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná lu ihò mẹ́ta sí mẹ́rin sí ìdí rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Ó ń dí nígbà mìíràn, ìkòkò sàn jù.

Bí ẹ bá ń ṣí ọmọ tòmátì láti nọ́sìrì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ tòmátì ti kú, nítorí pé bí ẹ bá fà á tu, irun gbòǹgbò yẹn já sínú ilẹ̀. Ewé wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá a fa omi.

1. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ dín omi rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ṣí ìbòòji orí rẹ̀ kúrò. Ẹ má jẹ́ kó rọ o.
2. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ṣí i, ẹ fi omi rin nọ́sìrì náà dáadáa.
3. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣí i. Ẹ fi ṣíbí gbé e tòun ti erùpẹ̀ rẹ̀.
4. Ẹ ti da omi sínú ihò tí ẹ fẹ́ gbìn ín sí kí ẹ tó gbé e síbẹ̀.
5. Ẹ rì igi rẹ̀ wọlẹ̀ jinlẹ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tòmátì ń ta gbòǹgbò lára igi. Ẹ má ṣe èyí fún ìgbá.
6. Ẹ ṣíji bò ó fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Bí ewé bá pọ̀ ju gbòǹgbò lọ, ẹ gé méjì nínú èyí tó wà nísàlẹ̀.

Ó máa rọ díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má sì tìtorí ìyẹn rì í sínú omi.

Nígbà ọyẹ́

Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti Sàhárà gbẹ, ó sì ń fẹ́ láìdúró. Omi tó bá jáde lára ewé, kíá ló ti gbé e lọ, òmíràn á tún jáde. Nítorí náà tòmátì lè máa rọ nígbà ọyẹ́ bí oòrùn kò tilẹ̀ mú tó ti oṣù Kẹta.

- Ẹ fi koríko gbígbẹ, pòròpórò àgbàdo tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ bo ilẹ̀, kó nípọn tó 5 sí 8 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi ìbú ìka mẹ́rin sílẹ̀ yípo ìdí igi.
- Ẹ máa ṣí ìbòlẹ̀ yìí wò. Ikán fẹ́ràn rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó bá sì jẹ ẹ́ tán, igi tòmátì ló kàn.
- Ẹ má lo koríko tó ti ní èso, ẹ ó máa roko títí ọdún á fi yí. Ìyẹ̀ pákó tútù láti ilé ìlagi náà kò dára, ó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ohun ọ̀gbìn bó ṣe ń jẹrà.
- Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà sí ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń wá. Kó ní àlàfo díẹ̀. Ògiri gbáko ń mú kí afẹ́fẹ́ fò ó, kó sì bọ́ lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbára.
- Ẹ ro koríko kúrò. Koríko náà ń mu omi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ gbìn ín sínú àpò

Àpò ìrẹsì àti ọ̀rá dúdú ní àrékérekè kan. Bí erùpẹ̀ inú rẹ̀ bá gbẹ tán, ó máa ń sún kúrò lára àpò, omi tí ẹ bá dà sórí á gba ẹ̀gbẹ́ jáde nísàlẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó ti yó. Ẹ gbé àpò náà wò: bó bá fúyẹ́, kò yó. Ẹ gbé e sínú báàfù omi fún ìlàjì wákàtí, ẹ jẹ́ kó fà á láti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ gbé e jáde kó sẹ́. Ẹ rí i dájú pé ìdí àpò ní ihò, kí ẹ má sì fi àwo tó kún fún omi sábẹ́ rẹ̀ títí. Dúdú ń gbóná nínú oòrùn, gbòǹgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á jóná. Ẹ yí àpò funfun mọ́ ọn.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù

- Wíwọ́n omi sí ewé ní ọ̀sán gangan nítorí pé ó rọ. Ojú ewé ni omi yẹn ti ń gbẹ, gbòǹgbò kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Kò ní jó ewé bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ, ìfiṣòfò omi lásán ni.
- Fífi yúríà sí èyí tó rọ "kó lè lágbára". Ẹ ti rí ìdí rẹ̀ lókè.
- Fífi ọjọ́ mẹ́ta gbàgbé rẹ̀, kí ẹ tó wá rì í lọ́jọ́ kẹrin. Èso á là, ìdí rẹ̀ á sì dúdú.

Ìdí tòmátì tó dúdú

Nítorí ẹ máa béèrè, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Àmì dúdú tó tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìdí èso, tó le bí awọ, kì í ṣe kòkòrò. Kálísíọ̀mù ni kò dé ibẹ̀. Inú omi ni kálísíọ̀mù ti ń wọ iṣan, ibi tí omi bá sì ń lọ ló ń bá a lọ. Ewé tó ní ihò púpọ̀ á fa èyí tó pọ̀, èso tí omi kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde lára rẹ̀ á gba ìwọ̀nba. Bí omi bá wá ń já, tó ń so, èso ló kọ́kọ́ pàdánù. Ìdí nìyí tí fífín kálísíọ̀mù sórí ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ ran èso lọ́wọ́: èyí tó bá wọ ewé kì í padà lọ sí èso.

Ẹ ṣe omi rẹ̀ déédéé, ẹ bo ilẹ̀, ẹ dín yúríà kù. Èyí tó ti dúdú kò ní padà, ẹ já a kúrò kí igi má bàa máa bọ́ ọ lásán. Ẹ gé ìdí rẹ̀ sọnù. Bí ìyókù kò bá tíì rà, ó ṣe é lọ̀ mọ́ ata.